Ihò Bíntín Tó Wà ní Igun Ojú Ọmọ

Lẹ́tà kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti Kalpohin, àdúgbò kan ní ìlú Tamale, ní àríwá orílẹ̀-èdè Gánà. Ìyá ọmọ ló kọ ọ́. Yorùbá ni òun àti ọkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ló gbé wọn dé ọ̀hún. Ọmọkùnrin wọn ti pé oṣù mẹ́rin. Láti ìgbà tó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni omi ti ń dà lójú òsì rẹ̀, tí ipin sì máa ń lẹ̀ mọ́ igun ojú náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, láràárọ̀. Ojú ọ̀hún kò pọ́n. Ọmọ ń mu ọmú dáadáa, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó bá gbé e.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di wàhálà ni pé olùdámọ̀ràn pọ̀ jù. Ìyá ọkọ wá láti Ṣakí láti bá wọn tọ́jú ọmọ, ó sì mú tìróò dání. Ó ní tìróò lòun lé fún gbogbo ọmọ tóun bí, ojú wọn sì dán títí di òní. Aládùúgbò wọn kan tó jẹ́ Dagomba ní chilo ni kí wọ́n lò, nǹkan kan náà ni, orúkọ ló yàtọ̀. Ẹlòmíì ní kí wọ́n fún omi ọmú sí i. Ní kẹ́míìsì, wọ́n ta oògùn ìkánsójú fún wọn láì tilẹ̀ wo ojú ọmọ. Ìyá ọmọ wá bi wá pé: kí ló wà ní igun ojú yẹn gan-an? Ta ni kí òun gbọ́ tirẹ̀ nínú gbogbo wọn?

A kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí ní ìdáhùn tó yé yékéyéké, tó sì yẹ kí gbogbo ilé tó ní ọmọ kékeré mọ̀. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan: igun ojú ọmọ ní ihò, ihò náà já sí imú, imú sì já sí ọ̀fun. Ohun tí ẹ bá fi sójú ọmọ, ẹ kà á sí ohun tí ẹ fún un mu.

Ẹ mú dígí lọ́wọ́

Ẹ jẹ́ ká jọ wo ibi tí à ń sọ. Ẹ mú dígí, kí ẹ dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Ojú kọ̀ọ̀kan ní igun méjì. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, èkejì wà lápá ibi tí etí wà. Ibi tí ìpéǹpéjú òkè ti pàdé ti ìsàlẹ̀ ni igun méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn ò jọra. Èyí tó wà lápá etí mú ṣóńṣó, ó sì lẹ̀ mọ́ ẹyinjú pẹ́kípẹ́kí. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rí roboto díẹ̀, kò sì lẹ̀ mọ́ ẹyinjú. Àlàfo kékeré kan wà níbẹ̀ tí omijé máa ń dúró sí bí adágún.

Nínú adágún yìí ni ẹran pupa kékeré kan jókòó sí. Àwọn òbí míì máa ń rò pé egbò ni, tàbí pé ìdọ̀tí ló gbẹ síbẹ̀, wọ́n á sì fẹ́ fi aṣọ yọ ọ́ kúrò lójú ọmọ. Ẹ má ṣe é. Ẹ̀yà ara ni. Ó fara jọ awọ ara wa: ó ní irun tín-ín-rín tí a kì í tètè rí, ó sì ní ibi tí òróró ti ń sun jáde.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran pupa yẹn, níbi tí funfun ẹyinjú ti bẹ̀rẹ̀, awọ kan ṣẹ́ po bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó jẹ́, ẹ wo ojú adìyẹ tàbí ti ológbò tó ń tòògbé. Ẹ ó rí awọ kan tó máa yọ láti igun ojú, tí yóò gbá ẹyinjú já, tí yóò sì padà síbi tó ti wá. Ìpéǹpéjú kẹta nìyẹn. Àwa èèyàn kò ní in mọ́. Awọ kékeré yìí ló ṣẹ́ kù fún wa nínú rẹ̀.

Èyí tó kàn wá jù ló kù. Ẹ rọra fi ìka fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Ní etí rẹ̀, níbi tí irun ìpéǹpéjú ti tán, ẹ ó rí àmì bíntín kan bí ibi tí abẹ́rẹ́ gún. Ihò ni. Ọ̀kan wà ní ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, ọ̀kan wà ní ti òkè. Fífẹ̀ rẹ̀ kò tó ìdajì mìlímítà. Ibẹ̀ ni omijé ń gbà kúrò lójú.

Ìrìn àjò omijé

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú ni omijé ti ń wá, nítorí pé ibẹ̀ la ti sábà ń rí i. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Òkè ojú lápá etí, lábẹ́ eegun tí irun ojú wà lórí rẹ̀, ni ibi tó ń pèsè omijé wà. Ó ń sun díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán tòru, bí a ò tilẹ̀ sunkún. Bí a bá ṣẹ́jú, ìpéǹpéjú á tẹ́ ẹ sórí ẹyinjú, á sì gbá a lọ sápá imú, bí ẹni fi ìgbálẹ̀ gbá omi lọ sí gọ́tà.

Ìṣẹ́jú ni a ń pe wákàtí kan tí a pín sí ọ̀nà 60. Inú ojú ṣíṣẹ́ ni orúkọ náà ti wá, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan kọ́ là ń ṣẹ́jú láàárín ìṣẹ́jú kan: àgbàlagbà máa ń ṣẹ́jú bí ìgbà 15. Ìgbàkígbà tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ihò bíntín méjèèjì yẹn á fa omijé wọlé. Á gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bíi sẹ̀ǹtímítà kan, á dé inú àpò kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun imú, lẹ́yìn náà á gba ọ̀nà kan tó sọ̀ kalẹ̀ nínú eegun títí dé inú imú. Láti inú imú, ọ̀fun ò jìnnà mọ́.

Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń sunkún fi máa ń fọn ikun. Omijé tó gba inú imú wà lára ohun tó ń fọn dànù. Ìdí nìyẹn náà tí ẹni tí wọ́n kán oògùn sí lójú fi máa ń sọ pé ọ̀fun òun korò. Àwọn dókítà ojú mọ èyí dáadáa. Wọ́n máa ń sọ pé lẹ́yìn tí a bá kán oògùn tán, ká di ojú, ká sì fi ìka tẹ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, kí oògùn lè dúró sójú, kó má sáré lọ sí ọ̀fun àti inú ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀nà tí kò tíì là

Ẹ jẹ́ ká padà sí Kalpohin. Kí ló dé tí omi fi ń dà lójú ọmọ oṣù mẹ́rin tí kò sunkún?

Nígbà tí ọmọ bá wà nínú oyún, ọ̀nà omijé máa ń là láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tó ti wọ imú, ló máa ń là kẹ́yìn. Àwọn ọmọ kan máa ń wáyé kí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ibẹ̀ tó là. Omijé á wá, kò ní rí ibi gbà, á kún adágún, á sì dà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ipin á kó jọ nítorí pé omi tó dúró sójú kan kì í mọ́. Ó wọ́pọ̀ gan-an, kì í ṣe ẹ̀bi ìyá, kì í sì í ṣe ohun tó jẹ.

Ìròyìn ayọ̀ ibẹ̀ ni pé bí a bá kó ọmọ 10 tó ní irú ìṣòro yìí jọ, bí 9 nínú wọn ni ọ̀nà náà á là fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún kan. Ọwọ́ wa sì lè ràn án lọ́wọ́. Ní ọdún 1923, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Crigler kọ nípa bí a ṣe lè fi ìka ti omijé lọ sísàlẹ̀ kí agbára rẹ̀ lè la awọ náà. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, òun náà sì ni àwọn dókítà ṣì ń kọ́ àwọn ìyá títí dòní. Bó ṣe rí nìyí:

Ẹ kọ́kọ́ gé èékánná, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ fi òwú tàbí aṣọ mímọ́ tí ẹ rì sínú omi tí a ti sè, tó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, nu ipin kúrò. Láti ẹ̀gbẹ́ imú ni kí ẹ ti nù ún lọ sápá etí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ bá fẹ́ nù ún lẹ́ẹ̀kejì, ẹ mú òwú míì. Ojú kejì náà ní òwú tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi orí ìka sí igun ojú, láàárín ojú àti eegun imú, kì í ṣe lórí ẹyinjú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ sì fà á wá sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Ẹ ṣe é bí ìgbà márùn-ún sí mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà fi hàn yín lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó sì wo ojú ọmọ láti mọ̀ pé ọ̀nà tó dí ni lóòótọ́.

Bí ọmọ bá pé ọdún kan tí omi kò tíì dáwọ́ dúró, dókítà ojú lè fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan la ọ̀nà náà. Iṣẹ́ kékeré ni.

Àwọn ohun kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi ìdúró dúró dè, tí ilé ìwòsàn ni ká gbé ọmọ lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Àkọ́kọ́ ni ọmọ tuntun tí ọyún ń jáde lójú rẹ̀, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ sì wú láàárín oṣù kan tí wọ́n bí i, pàápàá láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́. Ó lè jẹ́ àrùn tó kó lójú ara ìyá nígbà ìbí, irú rẹ̀ kan sì lè fọ́ ojú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èkejì ni igun ojú tó wú, tó pọ́n, tó ń dun ọmọ, pàápàá bí ara rẹ̀ bá gbóná. Ẹ̀kẹta ni ọmọ tí omi ń dà lójú rẹ̀, tó ń sá fún ìmọ́lẹ̀, tí dúdú ojú rẹ̀ sì ṣú bìrìpé bí dígí tí èéfín bò, tàbí tó tóbi ju èkejì lọ. Ẹ̀kẹrin ni ọmọ tí ẹ rí ohun funfun nínú ọmọlójú rẹ̀. Èyí tí a kà kẹ́yìn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ igun ojú rárá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wo igun ojú ọmọ dáadáa ló máa ń kọ́kọ́ rí i.

Ọmọ Boston àti tìróò

Ní báyìí, a dé ọ̀dọ̀ tìróò Màmá.

Tìróò kò dé ilẹ̀ wa lánàá. Hausa ń pè é ní kwalli tàbí tozali, Lárúbáwá ń pè é ní kuhl, àwọn ará Pakistan àti Íńdíà ní surma. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn ìyá ti ń fi í ṣe ẹ̀ṣọ́ ojú ọmọ, tí wọ́n sì gbà pé ó ń jẹ́ kí ojú ríran. Ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀, a ò sì ní fi ẹni tó ń lò ó ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ ohun tí wọ́n lọ̀ tó di tìróò. Òkúta dúdú tó ń dán ni, òjé ló sì pọ̀ jù nínú irú òkúta tí wọ́n sábà ń lò. Òjé yìí náà ni wọ́n ń fi ṣe bátìrì ọkọ̀.

Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin olóṣù mẹ́fà kan wò. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀. Òjé tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ míkírógíráàmù 13 nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà, ó sì pọ̀ ju ohun tó yẹ ká rí lára ọmọ ọwọ́ lọ. Wọ́n wá ohun tó fà á. Wọ́n rí i pé tìróò tí mọ̀lẹ́bí rà lọ́jà ní Nàìjíríà ni wọ́n ń lé fún un. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ òjé. Àjọ CDC tó ń rí sí dídènà àrùn ní Amẹ́ríkà tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde ní ọdún 2012, wọ́n sì lo orúkọ tí àwa fi ń pè é gan-an: tiro.

Ẹnì kan lè bi wá pé báwo ni ohun tó wà lẹ́yìn ojú ṣe dé inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ rántí ìrìn àjò omijé. Ọmọ á fọwọ́ nu ojú, á ki ọwọ́ bọ ẹnu. Ìyẹn ọ̀nà kan. Tìróò tó bọ́ sínú omijé á wọ ihò bíntín ní igun ojú, á dé imú, á dé ọ̀fun, ọmọ á sì gbé e mì. Ìyẹn ọ̀nà kejì. Ọ̀nà tó mú oògùn ìkánsójú dé ọ̀fun wa ló ń mú òjé dé ikùn ọmọ.

Ohun tí òjé ń ṣe fún ọmọ kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Ọpọlọ ló ń bá jà. Ó lè dín òye ọmọ kù, kó mú kí ẹ̀kọ́ ṣòro fún un, kó sì sọ ọ́ di aláìlẹ́jẹ̀ lára. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Bó bá pọ̀ gan-an lára, pípa ló ń pa. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, eruku òjé láti inú òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti wa góòlù pa ọmọdé tó lé ní 400. Tìróò kò pọ̀ tó eruku yẹn, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni.

Ìyá lè ní, “A lé e fún wa, kò sì ṣe wá ní nǹkan.” Kò sí ẹni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò nígbà náà. Ojú lásán kò sì lè mọ tìróò tó ní òjé yàtọ̀ sí èyí tí kò ní. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má lé e fún ọmọ rárá. Ẹni tó bá ti lé e fún ọmọ rí kò ní láti pariwo. Kó dá a dúró, kó sì sọ fún dókítà kí wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò.

Omi ọmú ńkọ́? Oúnjẹ ọmọ ni, ẹnu ló sì wà fún. Kò lè la ọ̀nà tó dí. Ìtọ̀ léwu, nítorí ó lè gbé kòkòrò àrùn wọ ojú. Àgbo àti omi ewé tí a ò mọ bó ṣe mọ́ tó léwu bákan náà. Oògùn ìkánsójú tí a rà láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ tún ní ewu tirẹ̀: èyí tó bá ní sítẹ́rọ́ọ̀dù nínú, bí a bá ń lò ó lọ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ojú náà, lè ba ojú jẹ́ pátápátá.

Ipin, eṣinṣin àti àṣeyọrí Gánà

Bí a kò bá fi nǹkan sí igun ojú, ṣé ká wá fi í sílẹ̀ ni? Rárá o. Ẹ fọ̀ ọ́. Nípa ìyẹn, àríwá Gánà tí ìdílé yìí ń gbé ní ohun tó lè kọ́ gbogbo wa.

Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní trachoma. Kòkòrò àrùn tó ń gbé nínú ipin ojú àti ikun imú ọmọdé ló ń fà á. Eṣinṣin á bà sí igun ojú ọmọ kan láti mu omi ibẹ̀, á fò, á bà sí ti ọmọ míì. Aṣọ ìnujú kan ṣoṣo tí gbogbo ilé ń lò náà ń gbé e kiri, ọwọ́ ìyá náà sì ń gbé e. Bó bá ń mú ọmọ léraléra, abẹ́ ìpéǹpéjú òkè á ní àpá. Ọdún á gorí ọdún, àpá náà á sún kì, á yí irun ìpéǹpéjú wọ inú, irun á máa ha dúdú ojú nígbàkigbà tí ẹni náà bá ṣẹ́jú, títí ojú á fi fọ́. Àwọn obìnrin ló ń fọ́ lójú jù, nítorí pé àwọn ló ń gbé ọmọ lọ́wọ́.

Ẹkùn Àríwá, tí Tamale jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, àti Ẹkùn Òkè Ìwọ̀-oòrùn ni àrùn yìí ti gbilẹ̀ jù ní Gánà. Láti ọdún 2000 ni ìjọba ti gbógun tì í pẹ̀lú ohun mẹ́rin: iṣẹ́ abẹ fún ẹni tí irun ti yí wọ ojú rẹ̀, oògùn Zithromax tí ilé iṣẹ́ Pfizer ń fi ta ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lọ́rẹ, fífọ ojú ọmọdé, àti omi mímọ́ pẹ̀lú ilé ìgbẹ́ tó bójú mu. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, WHO kéde pé trachoma kì í ṣe ìṣòro ìlera gbogboogbò mọ́ ní Gánà. Òun ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó débẹ̀ ní ẹkùn Áfíríkà ti àjọ náà. Tógò dé e ní 2022, Benin ní 2023.

Ẹ kíyè sí i pé nínú ohun mẹ́rin yẹn, ọ̀kan wà tí kò nílò dókítà: fífọ ojú ọmọ. Omi díẹ̀, ọwọ́ mímọ́, kí igun ojú má ní ipin, kí ihò imú má ní ikun. Ọmọ tí ojú rẹ̀ mọ́, eṣinṣin kò ní ohun tó máa wá ṣe níbẹ̀.

Ibi tí àpólò ti wá

Ẹ̀kọ́ kejì láti Gánà wà nínú ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń sọ. Bí ojú bá pọ́n bí ata, tó ń ṣomi, tó ń ṣepin, tó sì ń ran ará ilé, a máa ń ní àpólò ló mú un. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá, kò sì sí nínú àwọn orúkọ àrùn tí àwọn baba wa fi sílẹ̀. Gánà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí irú àrùn yìí, ní ìlú Accra, ní oṣù kẹfà ọdún 1969. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni Apollo 11 gbé àwọn ará Amẹ́ríkà dé inú òṣùpá. Àwọn èèyàn so méjèèjì pọ̀, orúkọ ọkọ̀ òfuurufú sì di orúkọ àrùn ojú.

Ọdún yẹn kan náà ni ìṣòro bá ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà ní Gánà. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì ti pọ̀ ní Tamale nígbà náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá ìwé tàbí kó kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ wọn di ẹrù, wọ́n padà sílé. Nítorí náà, ìyá àgbà kan láti Ṣakí tó ń tọ́jú ọmọ ọmọ rẹ̀ ní Kalpohin lónìí kò dé ilẹ̀ àjèjì pátápátá. Ó lè jẹ́ pé àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ti ná ọjà Tamale kí wọ́n tó bí ọkọ ìyàwó.

Àpólò kì í wá láti òfuurufú. Kòkòrò àrùn fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, ọwọ́ ló sì ń gbé e wọ igun ojú. Wíwo ojú ẹni tó ní in kì í kó o ranni, bí àwọn èèyàn ṣe máa ń sọ. Ìkọ́wọ̀, aṣọ ìnujú àti ìrọ̀rí ló ń kó o ranni. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá ní in ní aṣọ ìnujú tirẹ̀, kó sì máa fọ ọwọ́.

Igun kejì

Kí ẹ má rò pé a gbàgbé igun tó wà lápá etí. Kò ní ihò kankan. Iṣan tó le ló so ìpéǹpéjú mọ́ eegun níbẹ̀ kí ojú lè dúró síbi tó yẹ. Ibẹ̀ ni ìlà tín-ín-rín ti máa ń hàn lójú àgbàlagbà tó bá ń rẹ́rìn-ín. Àìsàn kò sì í nínú rẹ̀.

Ohun tí àwọn àgbà yẹ kó ṣọ́ ni ẹran tó máa ń hù láti igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, tí yóò máa rá wọ dúdú ojú. Oòrùn, eruku àti afẹ́fẹ́ ló ń fà á, ó sì wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ tí oòrùn ti ń mú. Nílùú bíi Tamale, tí alùpùpù pọ̀ tí eruku ọyẹ́ sì ń fẹ́, awò tó ń dáàbò bo ojú kì í ṣe fáàrí. Bí ẹran náà bá ti ń sún mọ́ àárín dúdú ojú, ẹ lọ rí dókítà ojú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ tàbí ewé yọ ọ́ nílé.

Ọwọ́ Màmá

Ìdáhùn wa sí ìyá ọmọ rèé. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ojú ní ilé ìwòsàn ńlá Tamale Teaching Hospital, kí wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá ní ọ̀nà omijé ló dí, ìtọ́jú rẹ̀ wà nílé yín.

Ti Màmá ló ṣòro, a mọ̀. Ìyàwó ilé kò ní gba tìróò lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ kó sọ ọ́ nù. Àwọn àgbà sì ní bí ojú bá ń ṣepin, ojú là á fi hàn. Òtítọ́ ni ká sọ fún Màmá, lójúkojú, tìfẹ́tìfẹ́, lórí ìkúnlẹ̀. Ohun tó máa dára jù ni kí ọkọ náà wà níjókòó.

Àmọ́ ẹ má fi òfìfo rọ́pò ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn. Ta ló ń wẹ ọmọ nílé yín? Màmá ni. Ta ló ń na ọwọ́ na ẹsẹ̀ rẹ̀, tó ń fi omi gbígbóná tẹ orí rẹ̀, tó mọ ibi tó yẹ kí ìka tẹ̀ àti ibi tí kò yẹ kó tẹ̀? Àwọn náà ni. Ohun tí Dókítà Crigler kọ sílẹ̀ ní 1923, iṣẹ́ ìka ni, ìka Màmá sì ti kọ́ iṣẹ́ náà kí wọ́n tó bí wa. Ẹ gbé wọn dání lọ sí ilé ìwòsàn, kí nọ́ọ̀sì fi bó ṣe ń lọ hàn wọ́n. Kí ẹ wá sọ fún wọn pé, “Màmá, wọ́n ní ọwọ́ yín ni oògùn ojú ọmọ yìí.”

Bí wọ́n bá gé èékánná wọn, tí wọ́n sì fọ ọwọ́, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́.